Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ ní Ìlobùú àti Ìfọ́n

Àlejò tí ó bá ti Òṣogbo wọ Ìlobùú, tí ó sì rìn dé Ìfọ́n, kò lè mọ ibi tí ìlú kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kọjú sí ilé, ògiri fara ti ògiri. Ṣùgbọ́n onílé mọ̀ ọ́n. Olóbùú ń jọba níhìn-ín, Olúfọ́n ń jọba lọ́hùn-ún. Ìfọ́n ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù, Ìlobùú sì ni ti Ìrẹ́pọ̀dùn, ẹ má sì gbàgbé ohun tí orúkọ yẹn ń sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìtàn ìlú méjèèjì yìí, ẹjọ́ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, ẹjọ́ ilẹ̀ náà ni yóò sì bá dé ojú ewé ìkẹyìn. Ìtàn eré ni èmi fẹ́ sọ, nítorí pé n kò rí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí ọpọ́n ayò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó mọ ayò ta ni ọ̀ta, ẹni tí a ń nà ni ọ̀pẹ. Òfin kan wà nídìí ọpọ́n tí ó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn nínú àṣà wa: ọ̀ta lè fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó ti wù ú, bí ọ̀pẹ tilẹ̀ tó bàbá rẹ̀ í bí, ọ̀pẹ kò sì gbọdọ̀ bínú. Bí wọ́n bá dìde tán, ọmọdé yóò tún máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Àwọn tí ó dúró yí wọn ká pàápàá kì í pa ẹnu mọ́. Wọn a máa kìlọ̀, wọn a máa fini ṣe ẹlẹ́yà. Nítorí náà, n kò gbà pé eré ẹni méjì ni ayò. Àpèjọ ni.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ipò tí ọmọ ayò lè wà nínú Awari, eré kan tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ayò tiwa. Iye ipò náà ju bílíọ̀nù 889 lọ. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò já sí. Mo sọ èyí fún bàbá àgbàlagbà kan tí a mọ̀ sí ọ̀ta ní Ìlobùú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?"

Ní 1994 ni ilé-iṣẹ́ Sony gbé PlayStation jáde ní Japan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tòkúnbọ̀ ni ó sì bá dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra ẹ̀rọ kan, ó wá tẹlifíṣọ̀n, ó wá jẹnẹrétọ̀ kékeré nítorí NEPA, ó fi páànù kọ́ àtíbàbà sí etí ọ̀nà, níbi tí ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ìfọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ilé géèmù nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tí ilé-iṣẹ́ Konami ṣe, Winning Eleven, ni wọ́n ń gbá jù. Ẹni tí ó bá pàdánù yóò dìde, ẹni tí ó borí yóò jókòó de ẹlòmíràn, àwọn òǹwòran yóò sì máa pariwo lé wọn lórí. Ní àsìkò Iléyá àti Kérésìmesì, onílé géèmù á kọ orúkọ sára páálí, á pín wọn ní méjì-méjì, á sì fi owó tí wọ́n dá jọ ṣe ẹ̀bùn. Ilé-iṣẹ́ kankan kò rán an. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ọmọ tí kò fọwọ́ kan ọpọ́n ayò rí pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pẹ. Ọmọ Ìfọ́n ni ó ń bú, ọmọ Ìfọ́n náà sì ń rẹ́rìn-ín.

N kò ní í purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Owó oúnjẹ ilé-ìwé bá a lọ, tẹ́tẹ́ sì wọ̀ ọ́. Àwọn ìyá mélòó kan wá fi etí ọmọ fa ọmọ jáde níbẹ̀ lójú mi.

Ní Berlin, láti 2008, àjọ̀dún kan tí wọ́n ń pè ní A MAZE bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí ń ṣe géèmù láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn jọ. Ní 2012 ó dé Johannesburg. Ní ọdún 2012 kan náà ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde, géèmù tí ó gbára lé ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ó pa ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ àtíbàbà onípáànù, nígbà tí àwọn ọmọ wa kò ṣe géèmù kankan. Òótọ́ ni. Àpèjọ ni wọ́n ṣe, lójú tèmi ìyẹn sì ni apá tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà.

Fóònù ni ó tú àpèjọ náà ká. Nígbà tí géèmù bọ́ sínú àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ Ìlobùú lè bá ará Brazil ta láìkúrò lórí ibùsùn rẹ̀, kò sì sí ìdí tí yóò fi jókòó ti ọmọ Ìfọ́n mọ́. Àtíbàbà náà wó kí ó tó di 2025, ọdún tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì fi òfin kónílé-ó-gbélé dè wọ́n. N kò sọ pé àìsí ilé géèmù ni ó fa ìjà. Ìjà náà ti wà kí PlayStation tó wà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tí ó ń bú ara wọn ní ọ̀pẹ láyé ọjọ́un mọ orúkọ ara wọn.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n tú òfin náà. Fọkanáísà kan ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Bẹ́ǹṣì gígùn tí a máa ń jókòó lé ṣì wà; àwọn tí wọ́n gbé táyà wá ni ó ń jókòó lé e.