Ìkìlọ̀ Tí Kò Dé Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí a bá ń sọ ìtàn Ànábì Nuhu (kí àlááfíà Ọlọ́hun máa bá a), àwọn tí wọ́n kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ ni a sábà máa ń bá wí. Ìtàn tí a mú wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ ìkìlọ̀, síbẹ̀ omi gbé wọn lọ.

Ilẹ̀ Bangladesh ni, tí wọ́n ń pè ní Pakistan ti Ìlà-Oòrùn nígbà náà. Nínú oṣù Rámàdánì, ní òru ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1970, ìjì líle jà láti ojú òkun Bengal, ó sì da omi òkun bo àwọn erékùṣù tí ilẹ̀ wọn kò ga. Òkun ti kún tẹ́lẹ̀ kí ìjì tó dé. Àwọn tí ó kú kò dín ní 300,000. Àwọn mìíràn ní wọ́n tó 500,000. Ní Tazumuddin, tí àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ 167,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó bá omi lọ.

Rédíò kéde. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lẹ́yìn náà rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lé ní 90 tí ó ti gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan péré ni ó sá lọ sí ilé tí ó lágbára. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà wa ń pe rédíò, orúkọ náà sì rò ó lóru ọjọ́ yẹn. Àgbẹ̀ kò lè bi í pé: omi náà yóò ti ga tó? Ibo ni kí n kó àwọn ọmọ lọ? Ahéré olórùlé koríko ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ilé tí ó lágbára kò sì tó nǹkan ní erékùṣù wọn. Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé ẹni tí ó gbára lé Ọlọ́hun kì í sá fún ìjì. Àwa kò bá wọn gbà á. Ẹni tí kò rí ibi sá sí, ọ̀ràn tirẹ̀ kò kan ìgbáralé rárá.

Inú bí àwọn ará ibẹ̀ sí ìjọba nítorí ìrànlọ́wọ́ tí ó pẹ́, èyí sì wà lára ohun tí ó sún wọn dé òmìnira ní ọdún 1971. Ní ọdún 1972, ìjọba tuntun àti ẹgbẹ́ Red Cross bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará abúlé jọ, àwọn tí yóò máa ta àsíá ìkìlọ̀, tí wọn yóò máa gun kẹ̀kẹ́ kiri pẹ̀lú gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ tí ládánì fi ń pe ìrun pàápàá di ti ìkìlọ̀. Wọ́n tilẹ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ bí òkè fún àwọn màlúù, nítorí àgbẹ̀ kì í fi màlúù rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ.

Síbẹ̀, ìjì ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1991 pa nǹkan bí 138,000. Ilé ààbò kò tíì tó, àwọn obìnrin ni ó sì kú jù. Òmíràn ń dúró de àṣẹ ọkọ. Òmíràn ń tijú àti wà láàárín ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ẹ̀yin baálé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Wọ́n wá kọ́ ilé ààbò púpọ̀ sí i, wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ fún obìnrin. Nígbà tí ìjì Sidr dé ní ọdún 2007, àwọn tí ó kú jẹ́ nǹkan bí 3,400. Àwọn olùyọ̀ǹda ti lé ní 70,000 báyìí. Bí ìdajì wọn jẹ́ obìnrin, tí wọ́n lè wọ yàrá tọ ìyá ọlọ́mọ lọ, kí wọ́n sì bá a gbé ọmọ.