Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́: Àìsàn tí Ààrẹ Reagan kò fi pamọ́ lẹ́ni ọdún 74

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1985, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Ronald Reagan, fọwọ́ sí ìwé kan nílé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Bethesda. Ìwé náà gbé ìjọba lé igbákejì rẹ̀, George Bush, lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní oògùn oorun, tí àwọn dókítà sì la ikùn rẹ̀.

Ẹni ọdún 74 ni.

Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ sígbà náà, ó fọwọ́ sí ìwé mìíràn, ó sì gba ìjọba rẹ̀ padà. Wọ́n ti gé ìfun ńlá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì kúrò nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Steven Rosenberg sọ fún àwọn akọ̀ròyìn ní gbangba pé jẹjẹrẹ ni.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó. Lóṣù Kẹta ọdún náà, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ Ààrẹ. Nígbà tó wá padà lọ lóṣù Keje kí wọ́n lè yọ kókó kékeré kan, ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ìfun bá rí èyí tó tóbi jù ú lọ, níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu àwọn dókítà rẹ̀ pé wọn kò tètè wo gbogbo ìfun náà.

Abẹ ayé àtijọ́

Irú iṣẹ́ abẹ báyìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá lábàá fún arúgbó tẹ́lẹ̀. Ní London, Ernest Miles ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ìfun fún èèyàn 57, àìsàn náà sì padà sára 54 nínú wọn. Lọ́dún 1908, ó gbé ọ̀nà tuntun jáde: kí wọ́n gé e láti inú ikùn àti láti ìdí, kí aláìsàn máa gba ojú ikùn yàgbẹ́. Nínú àwọn 12 tó kọ́kọ́ ròyìn, 5 ló kú. Ta ni yóò gbé bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀?

Oògùn oorun tó sunwọ̀n sí i, ẹ̀jẹ̀ fífà síni lára àti oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, ọdún 1966, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún ìyá Ọbabìnrin Elizabeth lẹ́ni ọdún 66. Aráàlú kò gbọ́ orúkọ àìsàn náà títí William Shawcross fi kọ ìtàn ayé rẹ̀ lọ́dún 2009. Ìyá náà ti kú lọ́dún 2002, lẹ́ni ọdún 101.

Jẹ̀díjẹ̀dí, basir, kooko

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, orúkọ kan ti wà nílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ojú ìdí. Yorùbá ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, Hausa ń pè é ní basir, àwọn Akan ní Ghana ń pè é ní kooko. Ṣúgà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, àgbo ló sì máa ń ṣáájú dókítà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ lè jọ ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí. Ìtìjú tún wà níbẹ̀: ìyá arúgbó wo ló fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀?

Tí ìfun bá wá dí pátápátá, iṣẹ́ abẹ di pàjáwìrì. Ewu ìyẹn fún àgbàlagbà pọ̀ gan-an ju èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣètò fún.

Àwọn dókítà náà ní ìpín tiwọn. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó pẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ lọ́dún 1971 pé oúnjẹ oníhóró àti ewébẹ̀ ni kò jẹ́ kí àìsàn náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Áfíríkà. Àkíyèsí rẹ̀ ní ìdí, àmọ́ ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ bí ẹni pé àìsàn òyìnbó ni. Ọdún 2013 ni àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York dá ẹgbẹ́ ARGO sílẹ̀ láti máa ṣèwádìí jẹjẹrẹ ìfun ní Nàìjíríà.

Reagan lo ìyókù sáà rẹ̀ pé, títí di oṣù Kìíní, ọdún 1989. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2004 ló kú, lẹ́ni ọdún 93. Àìsàn ìgbàgbé Alzheimer ló ti ń bá a fínra láti ọdún mẹ́wàá ṣáájú.