Ọ̀nà tí Olùkọ́ Gbà Dé Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

Bí a bá dárúkọ Ọ̀rẹ̀ fún ará Èkó tàbí ará Bìní, ìkóríta ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, níbi tí mọ́tò akérò ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Bí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà, yóò rántí oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Biafra gba Bìní kọjá tí wọ́n sì dé ibẹ̀, tí òkìkí ìjà tí wọ́n jà níbẹ̀ fi di ohun tí a ń dá lówe títí di òní. Ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, àti Odígbó fúnra rẹ̀, ìlú Ọ̀rúnjà, ní ìtàn mìíràn tí a kì í sábà pa, èyíinì ni ìtàn bí wọ́n ṣe rí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó pẹ́ gan-an kí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ tó lè gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítòsí ilé.

Gómìnà Glover ti Èkó ni ó la ọ̀nà ìlà-oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wọ igbó kìjikìji tí ó wà láàárín wọn àti Oǹdó, kí ọjà lè dé òkè láì gba Ìjẹ̀bú kọjá. Ọ̀nà òwò ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn oníṣòwò ni ìwé tọ̀ wá: Hinderer, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., dé Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún ní 1875, Charles Phillips sì tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1877. Nígbà tí ó yá, ọmọ tí ó bá fẹ́ di tíṣà ní láti di ẹrù rẹ̀ lọ sí St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Bí ó bá sì jẹ́ oyè yunifásítì ni ó ń wá, òkun ni yóò gbà lọ sí Fourah Bay ní Sierra Leone, èyí tí ó ti so mọ́ Yunifásítì Durham láti 1876.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yaba, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1932, kọ́ àwọn tí yóò ṣe olùkọ́ girama, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní oyè yunifásítì, ọ̀kan sì ni èyí nínú ohun tí ó mú àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1934 láti kọ ẹ̀kọ́ àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn dé ní 1948. Ẹni tí ayé rẹ̀ sì fi gbogbo ìrìn yìí hàn jù lọ ni Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin ará Ọ̀wọ̀: St. Andrew's ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, ó kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gba oyè B.A. ní Fourah Bay ní 1946, kò sì fi oyè náà ṣe ìgbéraga, àfi bí ó ti kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti gba dípúlómà nínú iṣẹ́ ìkọ́ni ní 1947, kí wọ́n tó fi í ṣe ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Bí ó ti gorí àlééfà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn olùkọ́ abẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn láti kàwé sí i.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ tí ó ju 800,000 ni ó wà ní ilé-ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún náà, àwọn tí ó sì wọlé ní 1955 ni ó ń kan ilẹ̀kùn girama ní 1961. Ta ni yóò kọ́ wọn? Ìgbìmọ̀ Sir Eric Ashby, tí ó jábọ̀ ní September 1960, dámọ̀ràn pé kí yunifásítì fúnra rẹ̀ máa kọ́ olùkọ́, kí ìmọ̀ inú ìwé àti ọgbọ́n ìkọ́ni wà nínú oyè kan ṣoṣo. Yunifásítì Nsukka gbé e ṣe ní 1961. Ifẹ̀ náà tẹ̀lé e. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni wọ́n dá Adeyemi College sílẹ̀ ní Oǹdó, tí wọ́n fi orúkọ Canon M. C. Adeyemi sọ ọ́, alàgbà tí ó ti ṣe ọ̀gá Ondo Boys' High School láti 1919. Ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí olùkọ́ N.C.E. níbẹ̀, nígbà tí ó sì so mọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti Odígbó lè gba oyè Ifẹ̀ láì sun Ifẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí yéni nígbà tí Ajáṣin, tíṣà àná, di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, tí ó sì sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ń hù káàkiri abúlé bí olú, bẹ́ẹ̀ ni bíríkì yá ju olùkọ́ lọ. Àwọn kọ̀pà, ìyẹn agùnbánirọ̀, tí ètò wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1973, dí àlàfo díẹ̀. Wọ́n ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kọ́ bí a ti ń kọ́ni. Ẹni tí ó mọ ìṣirò lè má mọ bí yóò ti fi yé ọmọ tí ẹ̀rù ìṣirò ń bà.

Níbẹ̀ ni mo ti ń gbóríyìn fún T.P. (teaching practice), ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn tí a ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì gidi, tí yóò fi òru kọ lẹ́sìn nóòtì, tí yóò dúró níwájú ọmọ tí ó pọ̀ ju àga lọ, tí olùkọ́ yunifásítì yóò sì yọ́ wọlé jókòó lẹ́yìn láti wo bí ó ti ń lo ṣọ́ọ̀kì, bóyá ojú ọmọ ni ó ń kọ tàbí pátákó. Ìdánwò inú gbọ̀ngàn kò lè rọ́pò èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń kí àwọn tí ó gba ọ̀nà sáńwíìṣì, tíṣà tí ó ti láya tàbí lọ́kọ, tí ó ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láti January títí di July, tí ó bá sì di ọlidé gígùn, nígbà tí ojúgbà rẹ̀ wà lóko, ni yóò gbé àpò lọ sí Oǹdó láti jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn tí ó lè bí lọ́mọ. Òfin tí ó dá T.R.C.N., àjọ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kalẹ̀ ní 1993 tún fi ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni sí ìdí iṣẹ́ náà, kí ó má baà jẹ́ ibùdó ẹni tí kò ríṣẹ́ mìíràn.

Ní 2021 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé Adeyemi yóò di yunifásítì fún ara rẹ̀. Inú mi dùn sí i, síbẹ̀ àwọn tí ó ń gba oyè níbẹ̀ ń kọjá sí Àkúrẹ́ àti Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lọ́nà Agbabu àti Araromi-Obu ní agbègbè Odígbó sì ń wá olùkọ́ físíìsì. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ilé tí tíṣà yóò gbé sí àwọn abúlé náà, kí ó sì fi owó kún owó oṣù ẹni tí ó bá gbà láti lọ.