Àwọn Tó Gbẹ́ Ọ̀nà Omi Pánámà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, Pánámà jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tó móoru ni, bíi tiwa. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ púpọ̀, igbó sì pọ̀. Ilẹ̀ náà gùn, ó sì tínrín bí ọ̀já. Ní apá kan rẹ̀ ni òkun Àtìláńtíìkì wà, òkun kan náà tó ń lu etí Kútọnu. Ní apá kejì ni òkun Pàsífíìkì wà.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ tó bá fẹ́ ti òkun kan bọ́ sí èkejì ní láti yí gbogbo ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà po. Ìdí nìyí tí wọ́n fi la ilẹ̀ Pánámà, kí omi lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Láti New York sí San Francisco, ọ̀nà omi náà dín ìrìnàjò kù ní ohun tó lé ní kìlómítà 12,000.

Lónìí, àwọn àlejò láti ilẹ̀ gbogbo ń lọ wò ó ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó mọ̀nà a sì máa ṣàlàyé fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn lọ nínú ìwé wa yìí.

Bí wọ́n bá ti ìhà Àtìláńtíìkì wọlé, Gatún ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àtẹ̀gùn omi. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọkọ̀ á wọ inú yàrá ńlá kan tí wọ́n fi símẹ́ńtì kọ́. Wọn á ti ilẹ̀kùn irin lẹ́yìn rẹ̀. Wọn á jẹ́ kí omi ṣàn wọ yàrá náà láti òkè, omi á sì gbé ọkọ̀ sókè. Nígbà náà ni wọn á ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ọkọ̀ á bọ́ sí yàrá kejì, lẹ́yìn náà sí ẹ̀kẹta. Nígbà tó bá jáde, ó ti gòkè ní mítà 26, ó ga ju igi ọ̀pẹ lọ. Á wá wọ adágún ńlá kan, èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n sé odò Chagres. Ní òpin ọ̀nà, yàrá mẹ́ta mìíràn á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí òkun Pàsífíìkì. Gbogbo rẹ̀ tó kìlómítà 80.

Kí wọ́n tó dé ibi àtisọ̀kalẹ̀, àwọn àlejò á kọjá láàárín òkè tí wọ́n là sí méjì. Culebra ni orúkọ ibẹ̀. Ta ló la òkè yìí?

Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1881. Olórí wọn ni Ferdinand de Lesseps, ẹni tó ti gbẹ́ ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì. Ṣùgbọ́n iyanrìn ló gbẹ́ ní Suez. Òkè, ẹrẹ̀ àti igbó ló bá ní Pánámà. Ilẹ̀ ń ya lulẹ̀. Ibà àti ibà apọ́njú ń pa ènìyàn. Wọn kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn wọ̀nyí kiri. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ki ẹsẹ̀ ibùsùn bọ inú abọ́ omi kí èèrà má baà gun aláìsàn. Inú omi yẹn gan-an ni ẹ̀fọn ń yé sí! Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 22,000 ènìyàn ló kú. Ní 1889, owó tán, iṣẹ́ dúró.

Ní 1904, ìjọba Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà. Nígbà yẹn, àwọn dókítà ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀fọn. Dókítà William Gorgas ní kí wọ́n da omi tó dúró nù, kí wọ́n da epo sójú àbàtà, kí wọ́n sì fi àwọ̀n sí fèrèsé. Kí 1906 tó parí, ibà apọ́njú ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí owó kò lè ṣe, ìmọ̀ ló ṣe é. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá rí omi nínú ìkòkò fífọ́ lẹ́yìn ilé.

Ta ló wá di ọkọ́ mú? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú láti àwọn erékùṣù bíi Barbados, Jàmáíkà àti Martinique. Ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni wọ́n. Martinique yìí ni àwọn Faransé kó Ọba Gbẹ̀hánzìn ti Dànhòmẹ̀ lọ ní 1894. Láti Barbados nìkan, nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló lọ.

Ìwé owó oṣù méjì ló wà. Àwọn aláwọ̀ funfun ará Amẹ́ríkà ń gba owó wúrà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú ló ń gba owó fàdákà, tó kéré gan-an. Ilé wọn yàtọ̀, ilé ìtajà wọn yàtọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn yàtọ̀. Àwọn ni wọ́n ń ki ẹ̀tù sínú àpáta. Ìwé ìjọba sọ pé 5,609 òṣìṣẹ́ ló kú lákòókò yìí. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1914, wọ́n ṣí ọ̀nà omi náà. Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn ará Pánámà bínú sí i fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù kìíní 1964, ìjà bẹ́ nítorí àsíá, ó sì lé ní 20 ará Pánámà tó kú. Ní 1977, Omar Torrijos àti Jimmy Carter fọwọ́ sí àdéhùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1999, ọ̀nà omi náà di ti Pánámà pátápátá.

Àwọn òṣìṣẹ́ fàdákà ńkọ́? Ní 1963, wọ́n ní kí àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn kọ ìtàn ara wọn ránṣẹ́. Àwọn arúgbó mú kálàmù. Wọ́n kọ nípa òjò, nípa aṣọ tí kì í gbẹ, nípa àwọn tí ẹ̀tù pa níṣojú wọn. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn wà títí dòní, àwọn onítàn sì ń kà wọ́n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo àǹfààní ìwé. Ta ló gbẹ́ kànga abúlé yín? Ta ló la ọ̀nà yín? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.