Ìlù Aláwọ àti Ìlù Oníná: Ìtàn Ohun Tí Àwọn Onílù Ń Gbé Sórí Òṣùwọ̀n ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá ipò tí àwọn onílù wà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, mu. Ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó, ilé ìjọsìn, gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti ilé gbígbé fara kan ara wọn. Ènìyàn 1,277,714 ni ètò ìkànìyàn ọdún 2006 kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Nínú irú àyíká yìí ni onílù ti ń bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé dírọ́ọ̀mù aláwọ ni kí òun máa lù ni, àbí dírọ́ọ̀mù oníná, èyí tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń pèsè ohùn rẹ̀?

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn onílù Yorùbá ti gbé ohun èlò àjèjì sórí òṣùwọ̀n ṣáájú àkókò yìí. Ní ìgbà méjèèjì, kì í ṣe dídùn ohùn nìkan ni ó pinnu ọ̀rọ̀ náà. Ipò tí ohun èlò náà yóò wà nínú agbo, àti iṣẹ́ tí yóò ṣẹ́ kù fún ọwọ́ onílù, ni ó pinnu rẹ̀.

Òṣùwọ̀n Láti Ilé Àyàn

Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ni aṣáájú. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó ń ki ènìyàn, tí ó sì ń darí ijó. Ọsán tí ó so ojú awọ méjèèjì pọ̀ ni ó fún un ní agbára yìí: bí onílù bá fún ọsán, ohùn a ròkè, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Báyìí ni ìlù ṣe ń tẹ̀lé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè Yorùbá.

Ṣùgbọ́n gúdúgúdú kò ní ọsán tí a ń fún bẹ́ẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àléébù rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di ìlù mú kí ó má ṣe yẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níhìn-ín ni pé ìlù tí kò lè sọ̀rọ̀ lè ní àyè nínú agbo, bí ó bá ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìgbà Àkọ́kọ́: Dírọ́ọ̀mù Aláwọ

Dírọ́ọ̀mù aláwọ tí a ń pè ní ìlù gidi lónìí, àjèjì ni òun náà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó ìlù bíi mélòó kan jọ fún ẹnì kan ṣoṣo láti lù, pàápàá lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Ludwig ti gbé ohun àfẹsẹ̀tẹ̀ fún ìlù ńlá jáde ní ọdún 1909. Láti nǹkan bí ọdún 1957, oníke ti ń rọ́pò awọ ẹran lójú ìlù náà. A fi í sílẹ̀ ní 'aláwọ' nínú iṣẹ́ yìí nítorí pé ojú tí a ń lù náà ni ó ń dún.

Àwọn ẹgbẹ́ olórin ijó bíi ti Bobby Benson ni ó mú un gbajúmọ̀ ní Èkó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1948, Akanbi Ege mú gángan wọ inú orin jùjú. Nígbà tí ó yá, Roy Chicago mú un wọ inú orin háílàìfù. Èyí fi hàn pé ìlù àjèjì kò lé ìlù tí ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀kan di omele, ọ̀kan sì ń sọ̀rọ̀. Tony Allen (1940–2020), ọmọ Èkó tí ó bá Fẹlá ṣiṣẹ́, tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fún ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi bí ẹni pé agbo onílù mẹ́rin wà lára ẹnì kan.

Ìgbà Kejì: Ẹ̀rọ Tí Ń Lu Ara Rẹ̀

Ní ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Jèpáànù gbé TR-808 jáde, ẹ̀rọ tí a ń to ìlù sí nínú tí yóò sì máa lù ú fúnra rẹ̀. Láìpẹ́, irú ohùn bẹ́ẹ̀ wọ inú àwo Sunny Adé tí Martin Meissonnier, ará Faransé, bá a ṣe fún ilé iṣẹ́ Island, lára wọn ni Synchro System (1983) àti Aura (1984). Síbẹ̀, àwọn onígángan kò kúrò lẹ́yìn Sunny Adé.

Níbi ayẹyẹ kéékèèké ni ewu ti wà. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní dùùrù oníná lè tẹ bọ́tìnnì, kí ìlù sì máa lọ láìsí onílù kankan níbẹ̀. Owó tí ìbá kan onílù mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò wọ àpò ẹnì kan.

Ìgbà Kẹta: Alímọ̀ṣọ́ Òde Òní

Ó yẹ kí á ya dírọ́ọ̀mù oníná sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tí ń lu ara rẹ̀. Simmons SDS-V ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ọdún 1981. Ní 1997, Roland gbé V-Drums jáde, tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n. Bí igi bá kan ojú ìlù, ohun kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò mọ bí ó ti le tó, yóò sì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí ń pèsè ohùn. Bí onílù kò bá lù ú, kò ní dún.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Ẹni tí ó ń gbé ilé oníyàrá ojú-kọ-ojú lè fi gbohùngbohùn etí kọ́ ìlù ní òru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ṣì lè máa gbọ́ kìì ẹsẹ̀. Òfin náà tún wà níbẹ̀: LASEPA, àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fi òdiwọ̀n ariwo ní àdúgbò ilé gbígbé sí dẹ́síbẹ̀lì 55 ní ọ̀sán àti 45 ní òru. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, a gbọ́ pé wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. Ṣùgbọ́n sípíkà tí ó kọjú sí títì ni ó máa ń gbé ariwo dé ilé aládùúgbò jù. Ìjọ tí ó ra dírọ́ọ̀mù oníná tí kò sì yí sípíkà padà kò tíì yanjú nǹkan kan.

Ìṣòro iná náà kò kéré. Láàárín àwọn ọdún 1980, Tony Allen sọ àwo rẹ̀ kan ní N.E.P.A., ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí á má ṣe retí iná nígbà gbogbo. NEPA di PHCN ní 2005, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sì gba pínpín iná ní 2013, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kò kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní oṣù karùn-ún 2023, iye owó lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 sí nǹkan bí ₦500. Òótọ́ ni pé dírọ́ọ̀mù oníná kì í jẹ iná púpọ̀. Àmọ́ láìsí sípíkà, ìjọ kò ní gbọ́ ọ, sípíkà sì ń fẹ́ iná. Dírọ́ọ̀mù aláwọ kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìkádìí

Láti inú ìtàn yìí, a rí i pé ọ̀tá onílù kọ́ ni dírọ́ọ̀mù oníná, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn ṣì ń lù ú. Ó yẹ fún ìdánrawò àti fún gbọ̀ngàn kékeré tí ilé yí ká. Aláwọ ló yẹ fún ìta gbangba àti fún ibi tí iná kò ti ṣe é gbẹ́kẹ̀lé. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè ṣe iṣẹ́ ìyáàlù nínú méjèèjì, nítorí kò sí ọsán lára wọn.

Ojúṣe wá kan olùkọ́ níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ dírọ́ọ̀mù lù, tí kò sì gbọ́ ohun tí gángan ń wí, ti pàdánù apá kan nínú èdè rẹ̀. Bí a bá ń kọ́ni ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí gángan kan wà lórí tábìlì. Ìlù àjèjì yóò máa dé. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti mọ ohùn ìyáàlù ni yóò mọ àyè tí ó yẹ láti fi wọ́n sí.