Ilé tí wọ́n ṣèlérí fún Yekini àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àjẹmọ́nú kan fún yín 🧵

July 2025, ládùúgbò Durbar ní Ọ̀yọ́ ni mo ti wo àṣekágbá Super Falcons àti Morocco. Wọ́n ti fi 2-0 ṣáájú wa o, a sì padà nà wọ́n ní 3-2. Ariwo! Nígbà tí Ààrẹ Tinubu gbà wọ́n lálejò l'Ábújá, ó ní agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan máa gba náírà tó tó 100,000 dọ́là, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta. Mo sáré pe ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Ṣé kọ́kọ́rọ́ ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́?"

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Àṣé 1994 ló wà lọ́kàn wọn.

Lọ́dún yẹn, Super Eagles na Zambia 2-1 ní Tunis, wọ́n gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Rashidi Yekini ló jẹ góòlù jù, márùn-ún. Ìjọba Abacha ṣèlérí ilé fún wọn. Ó di 2022 kí Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí i. Ọdún 28! Yekini ti kú ní 2012. Keshi tó jẹ́ balógun wọn kú ní 2016. Ọmọ Ìrá ni Yekini, ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars tiwa n'Íbàdàn. Bí ẹbí ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣe máa ń dárúkọ ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: owó oṣù ààrẹ àti gómìnà wà nínú òfin, iye rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó eré ìdárayá náà ní ìpele owó oṣù tiwọn. Àmọ́ ilé agbábọ́ọ̀lù? Ẹnu olórí ìjọba ló ti ń jáde, lẹ́yìn tí ife bá ti délé. Kí ló dé tí wọn ò lè kọ iye àti ọjọ́ ìsanwó sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀?

Àwọn Falcons mọ̀ ọ́n. Ní 2004, wọ́n gba ife ní South Africa, wọ́n kọ̀, wọn ò kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì torí owó. Ní 2016, wọ́n ní láti lọ fẹ̀hónú hàn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá.

November 2025, Morocco yẹn náà, ó ku díẹ̀ kí Super Eagles kojú Gabon, wọ́n kọ̀ láti lọ sí ìgbáradì. Àjẹmọ́nú. Wọ́n yanjú ẹ̀, wọ́n padà sórí pápá. Mi ò tiẹ̀ pe Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.