Ọdún 21 tí Wọ́n Fi Wá Ìdí Àìsàn Turner

Ní ọdún 1938, Henry Turner, oníṣègùn ará Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe obìnrin méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 23, tí wọ́n kúrú, tí awọ ọrùn wọn fẹ̀ dé èjìká, tí apá wọn yà síta láti ìgbọ̀nwọ́, tí wọn kò sì tíì bàlágà. Shereshevsky ní Rọ́ṣíà àti Otto Ullrich ní Jámánì ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ Turner ni ó mọ́ àìsàn náà lára jù. Turner gbà pé ẹṣẹ́ kékeré abẹ́ ọpọlọ tí ń darí ìdàgbàsókè ni ó lẹ́bi. Ní 1942, Fuller Albright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìtọ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ náà fi ń jí ilé ẹyin pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ilé ẹyin gan-an ni kò lè ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Paul Polani, tí ó ń ṣèwádìí nípa ọkàn àwọn ọmọdé ní London, ṣàkíyèsí pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ní ìfúnpọ̀ nínú iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, àbùkù tí ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ní 1954, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àmì dúdú tí Murray Barr ti rí nínú sẹ́ẹ̀lì abo ní Kánádà ní 1949, wọn kò sì rí i lára wọn. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń pe àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ọkùnrin nínú ẹ̀jẹ̀, ìdájọ́ líle lórí àwọn tí a bí, tí a tọ́, tí wọ́n sì mọ ara wọn ní obìnrin.

Kíkà ni ó dá wọn láre. Tjio àti Levan ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Sweden ní 1956 pé krómósóómù, àwọn okùn tín-tìn-tín tí ń gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, jẹ́ 46 lára ènìyàn. Ní 1959, Charles Ford, pẹ̀lú Polani àti àwọn mìíràn, ka ti ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan, wọ́n rí 45, pẹ̀lú krómósóómù X kan ṣoṣo dípò méjì tí obìnrin sábà máa ń ní, láìsí Y, ti ọkùnrin, rárá. Kò sí ohun ọkùnrin níbẹ̀. X kejì ni kò sí.

Lónìí, họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ń mú kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ga sí i, ẹ́sítírójẹ̀n, họ́mọ̀nù obìnrin, sì ń mú wọn bàlágà, ṣùgbọ́n iṣan ńlá ọkàn yẹn ni àwọn dókítà ṣì ń ṣọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, nítorí pé ó lè fà ya lójijì.